Ojú Ọ̀sà, Ojú Òkun: Ìrìn-Ẹsẹ̀ Láti Ìsàlẹ̀ Èkó Dé Èbúté Màrínà Gẹ́gẹ́ Bí Ọ̀nà Kíka Ìtàn

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí wo àárín ìlú Èkó láti ojú ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ó jiyàn pé ibi tí arìnrìn-àjò bá ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń pinnu irú ìtàn tí ìlú náà yóò sọ fún un. Bí ìrìn bá bẹ̀rẹ̀ láti Màrínà, Èkó yóò dà bí ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti Ẹnu-Ọ̀wá, ìtàn náà yóò yí padà. Àpilẹ̀kọ náà tún fi hàn pé wíwó àwọn ilé àtijọ́ kì í ṣe àdánù ẹwà nìkan. Ẹ̀rí ìtàn ni ó ń bá a lọ.

Ìfáárà

Ojú méjì ni Èkó ní. Ojú kan kọ sí ọ̀sà, níbi tí omi ti ya erékùṣù náà kúrò lára Ìdó àti Èbúté-Mẹ́ta. Ojú kejì kọ sí gúúsù, síhà ẹnu òkun, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú-omi ńláńlá ti ń wọlé. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ojú àkọ́kọ́. Màrínà ni ojú kejì. Ẹni tí kò bá dúró lọ́nà lè rin ìrìn láti ọ̀kan dé èkejì kí wákàtí kan tó pé. Síbẹ̀, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ìtàn ni ó wà láàárín méjèèjì.

Ìbéèrè tí a kì í sábà béèrè ni èyí: níbo ni ó yẹ kí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí ó bá gba Màrínà wọlé yóò kọ́kọ́ pàdé ilé ìjọba, kàtídírà, ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò òkè òkun. Nígbà tí yóò bá fi dé Ìsàlẹ̀ Èkó, àdúgbò ọba yóò ti dà lójú rẹ̀ bí ẹ̀yìnkùlé ìlú. Ṣùgbọ́n èdè àwọn ọmọ Èkó fúnra wọn tako èrò yìí. Ẹ̀yìn-Ìgbẹ́tì ni wọ́n ń pe Màrínà. Ẹni tí ó bá pe ibì kan ní "ẹ̀yìn" ti sọ ibi tí òun dúró sí kí ó tó sọ ọ́. Etíkun tí ìjọba àmúnisìn sọ di iwájú ilé, ẹ̀yìn ni lójú àwọn tí ó fún un lórúkọ. Ìdí nìyí tí ìrìn inú àpilẹ̀kọ yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀sà.

Ẹnu-Ọ̀wá àti Ìga Ìdúngànràn

Ààfin ọba Èkó, Ìga Ìdúngànràn, ni ìdúró àkọ́kọ́. "Ìga" ni àwọn ọmọ Èkó ń pe ààfin tàbí ilé olóyè pàtàkì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé orí ilẹ̀ tí Arómirẹ́ ti dá oko ata ni wọ́n kọ́ ààfin yìí sí. Ìtàn kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé ìlànà ilẹ̀ Èkó ró: Arómirẹ́ wà lára àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí ó tọpasẹ̀ ara wọn dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́fin ní Ìdó. Àwọn ni onílẹ̀. Ọba tí ìran rẹ̀ tan mọ́ Benin sì jókòó lórí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn fi fún un. Gbogbo awuyewuye ilẹ̀ tí ó dé ilé ẹjọ́ ní Èkó lẹ́yìn ọdún 1861 ni ó kan ìlànà yìí lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Ipò tí ààfin náà wà tún ń sọ̀rọ̀. Kò kọjú sí òkun. Ìhà ọ̀sà ni ó wà, lójú ọ̀nà omi tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìkòròdú, Ẹ̀jìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti ọjà ọ̀sà ni ìlú náà kọ́kọ́ gbójú lé. Òwò òkun dé lẹ́yìn náà. Ìtàn so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìgbà Ọba Akínṣẹmóyìn ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, ẹni tí ó fàyè gba àwọn oníṣòwò Potogí. Wọ́n sì ní àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́ nínú títún ààfin náà ṣe. Òwò ẹrú ni òwò náà. Nígbà tí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún fi wọ̀, Èkó ti di ọ̀kan lára àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú jùlọ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ògiri ìlú yìí kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìmọ̀ yẹn, ó sì yẹ kí arìnrìn-àjò gbé e lọ́wọ́ títí ìrìn yóò fi parí.

Ní Ẹnu-Ọ̀wá yìí kan náà ni ìlú ti ní irú ìrìn tirẹ̀. Nígbà Adámú Òrìṣà, Ẹ̀yọ̀ aláṣọ funfun ń ki ọba, wọ́n sì ń la òpópónà erékùṣù já. Bàtà di èèwọ̀ ní ọjọ́ náà. Kí àwọn afinimọ̀lú òde òní tó dé ni Èkó ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan láti rántí òkú àti láti sọ ẹni tí ó ni ìlú.

Iná Ọdún 1851

Ẹni tí ó bá wá ilé tí ó ju igba ọdún lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò pàdánù àkókò rẹ̀. Ìdí pàtàkì kan wà. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì da ìbọn ńlá bo ìlú láti lé Ọba Kọ́sọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Kọ́sọ́kọ́ ti múra: ó ti to ìbọn ńlá àti òpó igi sí etí omi. Ọkọ̀ Teazer fi ara gún ilẹ̀, ìjà náà sì le. Ní ìgbẹ̀yìn, iná jó apá púpọ̀ nínú ìlú, Kọ́sọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sá lọ, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n tẹ̀dó sí. Akítóyè padà sórí oyè, ó sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1852 láti fòpin sí òwò ẹrú.

Orúkọ méjì ni àwọn ọmọ Èkó fún ogun náà. Ogun Àgìdìǹgbì ni wọ́n pè é nítorí ìró ìbọn. Ogun Ahóyaya ni wọ́n tún pè é nítorí bí ìlú ṣe hó bí omi orí iná. Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ní ìgbésẹ̀ láti pa òwò ẹrú rẹ́. Onímọ̀ ìtàn kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Lóòótọ́ ni Kọ́sọ́kọ́ jàǹfààní nínú òwò ẹrú. Lóòótọ́ sì ni pé òwò epo pupa àti agbára lórí èbúté wà lọ́kàn àwọn tí ó wá lé e. Ìró ìbọn ni orúkọ ìlú pa mọ́, ìdí tí wọ́n kéde ni ìwé pa mọ́. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Olówógbówó àti Apọ́ngbọ̀n

Bí arìnrìn-àjò bá kọjá Ìdúmọ̀tà, yóò rí ibi tí afárá Carter ti so erékùṣù mọ́ Ìdó láti ọdún 1901. Kí afárá tó dé, omi ni ọ̀nà. Nígbà tí ó dé tán, tí ọkọ̀ ojú-irin sì ti ń gbé ẹrù láti òkè wá sí Ìdó, ojú ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n dí ọ̀sà kékeré tí ó wà ní Ìdúmàgbò. Lónìí, ẹni tí ó ń ra ọjà ní Ìdúmàgbò lè má mọ̀ pé orí omi àtijọ́ ni òun dúró sí.

Síwájú díẹ̀ ni Olówógbówó wà, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ àwọn Sàró tẹ̀dó sí. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun, tí wọ́n sì dàgbà tàbí tí wọ́n bí ọmọ ní Freetown kí wọ́n tó padà wálé. Olówó ti gba owó rẹ̀: ohun tí orúkọ àdúgbò náà ń sọ nìyẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì bá ìlú tí gbèsè àti ìyá-ilé ti ń rìn pọ̀ mu. Àwọn Sàró mú ìwé, ìsìn Kírísítì, ẹjọ́ pípè àti òwò kárakátà wá. CMS Grammar School tí T. B. Macaulay dá sílẹ̀ ní 1859 jáde láti inú àwùjọ yìí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọmọ Macaulay, Herbert, ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó bá ìjọba jà.

Apọ́ngbọ̀n wà nítòsí. William McCoskry ni ó fa orúkọ náà, oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ adelé kọ́ńsùlù ní ọdún 1861 nígbà tí wọ́n gba Èkó. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, àwọn ará ìlú sì pè é ní "a-pọ́n-ní-àgbọ̀n". Ọkùnrin tí ó wà nídìí gbígba ìlú ni irùngbọ̀n rẹ̀ di ibùdókọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n gba ìlú wọn. Kò sí òpó ìrántí tí ó lè sọ ọ́ kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Orúkọ àdúgbò ni irú àrọ́bá bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Èbúté Tí Ó Ṣí Nípò

Ní Màrínà, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé omi ti jìnnà. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ sí etí omi ti wá wà lẹ́yìn ọ̀nà ńlá, nítorí pé ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kó iyanrìn dí etí ọ̀sà láti fi ṣe ọ̀nà Outer Marina. Ilé Gómìnà àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1886, tí ojú rẹ̀ kọ sí èbúté, afárá ọkọ̀ ni ó ń wò báyìí.

Kí a tó lóye èbúté yìí, ó yẹ kí a rántí pé ní gbogbo sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé fàlàlà. Òkìtì iyanrìn abẹ́ omi dí ẹnu òkun, ìgbì sì máa ń fọ́ lé e lórí. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń dúró lókèèrè, àwọn ọkọ̀ kéékèèké a sì lọ kó ẹrù àti ènìyàn wọlé. Nígbà púpọ̀, Forcados ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó dé Èkó. Ìjọba pinnu láti fi òkúta ṣe ìdènà gígùn sí ọ̀tún àti òsì ẹnu òkun, kí agbára omi fúnra rẹ̀ lè gbá iyanrìn lọ. Láti Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ojú-irin ti ń gbé òkúta náà wá. Nígbà tí yóò fi di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọ inú èbúté. Ní 1926, wọ́n ṣí èbúté tuntun sí Àpápá ní òdìkejì omi, níbi tí ojú-irin ti lè dé etí ọkọ̀. Bí Màrínà ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni Àpápá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màrínà.

Òkúta náà sì ní owó orí tirẹ̀. Ó dí iyanrìn tí òkun máa ń gbé lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bar Beach. Ogun omi tí Èkó jà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìpinnu èbúté ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ìlà ilé tí ó wà ní Màrínà fi ọwọ́ ìsìn àti ìjọba hàn. Kàtídírà Kírísítì tí ó wà níbẹ̀ lónìí, Bagan Benjamin ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1946. Ó ṣe pàtàkì pé ọmọ ilẹ̀ ni ayàwòrán náà, nítorí ojú tí ó kọ́kọ́ wo kàtídírà náà lè rò pé iṣẹ́ òkè òkun ni.

Pópó Àgùdà: Àwọn Tí Òkun Dá Padà

Bí ẹsẹ̀ bá yà kúrò ní Màrínà sínú ìlú, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n padà láti Brazil àti Cuba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí àwọn òbí wọn ni wọ́n kó gba etíkun yìí kan náà lọ. Òpópónà kan tí ó ń jẹ́ Tókunbọ̀ wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá lórí rẹ̀ láìronú. Orúkọ ọmọ ni kí ó tó di orúkọ òpópónà.

Ọwọ́ ni ohun tí àwọn Àgùdà mú bọ̀: ọwọ́ bíríkìlà, ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọwọ́ aránṣọ. Láàárín Campos Square àti àwọn òpópónà tí ó yí i ká ni wọ́n ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ tẹ́ bí ọrun, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó sí lára. Ní òpópónà Kakawa, ilé ìdílé da Rocha, tí wọ́n mọ̀ sí Water House nítorí kànga tí wọ́n ti ń ta omi fún ará ìlú, di gbajúgbajà dé Brazil. Òun ni Antonio Olinto fi ṣe ọ̀pákùtẹ̀lẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, A Casa da Água, tí ó jáde ní 1969.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí kò mọ ààlà ìsìn. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins ni ẹ̀rí rẹ̀. Mohammed Shitta, tí a bí sí ìdílé Sàró, ni ó náwó sí i. João Baptista da Costa, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ láàárín àwọn Àgùdà, ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1894, Gómìnà Carter wà níbẹ̀, aṣojú Sọ́tánì ilẹ̀ Tọ́kì sì gbé oyè "Bey" wá fún Shitta. Freetown, Bahia àti Istanbul pàdé lára ògiri kan ṣoṣo ní Èkó. Kò sí ìwé ìpamọ́ kan tí ó lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún bí ògiri náà ti lè ṣe.

Òfin Lórí Ìwé, Katakata Lára Ilé

Ìdúró tí ó kẹ́yìn ni Ìta Tinúbú, tí a fi orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú pè, obìnrin oníṣòwò tí kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Èkó ní 1856, tí ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá. Obìnrin tí wọ́n lé jáde ni ó ni ìta tí ó wà ní àárín ìlú. Ní ẹ̀gbẹ́ ìta náà ni ilé ìdílé Fernandez wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ilé Àgùdà tí ó dàgbà jùlọ ní Èkó, tí ó wá di Ilojo Bar nígbà tí ìdílé Olaiya rà á ní àwọn ọdún 1930. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, katakata wó o lulẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ pé àìbìkítà ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kéde ilé náà ní ohun ìrántí gba àyẹ̀wò. Ní 1955, ọdún kan ṣáájú, ni Lagos Executive Development Board, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku, bẹ̀rẹ̀ ètò wíwó apá kan àárín Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris tí ó ṣe ìwádìí lórí ètò náà, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, fi hàn pé kì í ṣe òrùlé nìkan ni àwọn ènìyàn pàdánù. Ìyá alájàpá pàdánù oníbàárà rẹ̀. Arúgbó jìnnà sí ọmọ tí ń fún un lóúnjẹ. Agboolé tú ká. Nítorí náà, láàárín oṣù díẹ̀ ni ìjọba kan náà pinnu láti pa ilé kan mọ́ àti láti wó àdúgbò tí ó yí irú ilé bẹ́ẹ̀ ká. Wọ́n dá ara ilé sí, wọ́n sì mú ìgbésí ayé tí ó mú kí ilé náà nítumọ̀ kúrò.

Ìdílé tí ó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òfin sọ pé wọn kò gbọdọ̀ wó o, ṣùgbọ́n òfin kò bá wọn tún òrùlé ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀ wà lára èyí tí ó wọ́n jùlọ ní Nàìjíríà. Bí ọmọ ogún ajogún bá pọ̀ lórí ilé kan tí kò mú owó wọlé, ìkéde orí ìwé kò lè dúró níwájú katakata. Ibi tí ó yẹ kí àríyànjiyàn lórí ohun ìrántí wà ní Èkó nìyí: ta ni yóò san owó ìrántí? Ọgbà Freedom Park ní Broad Street fi hàn pé ìdáhùn lè wà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn amúnisìn ni ibẹ̀, Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Wọ́n wó o ní 1979, ṣùgbọ́n láti 2010 ni wọ́n ti sọ ohun tí ó ṣẹ́kù di gbàgede eré àti àṣà. Ibi tí ènìyàn ń lò ni ó ń pẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ìrìn yìí ti gbé arìnrìn-àjò láti èbúté ọlọ́pọ́n dé èbúté ọkọ̀ òkun, ó sì ti mú un padà sínú ìlú. Ohun mẹ́ta ni ó hàn gbangba. Èkíní, Èkó ti jẹ́ èbúté kí Màrínà tó wà; ìjọba àmúnisìn yí ojú ìlú padà ni, kò dá ìlú sílẹ̀. Èkejì, orúkọ àdúgbò pa ohun mọ́ tí ìwé ìjọba kò pa mọ́: ìró ìbọn wà nínú Àgìdìǹgbì, àgbọ̀n pupa wà nínú Apọ́ngbọ̀n, ẹ̀yìn ìlú wà nínú Ẹ̀yìn-Ìgbẹ́tì. Ẹ̀kẹta, orúkọ nìkan kò tó. Ògiri Shitta-Bey ń sọ ohun tí orúkọ òpópónà Martins kò lè sọ, ohun tí ilé Fernandez ì bá sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la ti bá erùpẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti èdè Yorùbá. Àwọn àgbà tí wọ́n kó kúrò ní àárín Èkó lọ sí Sùúrùlérè nígbà èwe wọn ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n mọ agboolé tí ó wà níbi tí ilé ìtajà wà báyìí, wọ́n mọ orúkọ tí kò sí lára pátákó òpópónà. Gbígba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, lórí ìrìn, níwájú ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, kò gba owó púpọ̀, kò sì gba àṣẹ ìjọba. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní Èkó, tí wọ́n ti kó iyanrìn dí odò mìíràn pátápátá, ẹnu àwọn tí ó rántí ibi tí omi wà ni orísun tí ó kù.